Etí Rẹ̀ Ni Kí Ẹ Wò: Bí Abọ́ Páì Ṣe Di Díìsì Gọ́ọ̀fù

   

Díìsì ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń gbọ́ orin o. Àwo ike pẹlẹbẹ tí ènìyàn ń fi ọwọ́ jù ni mò ń sọ, èyí tó máa ń yí bìrìbìrì tí á sì fò lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n sí Frisbee. Ṣùgbọ́n eré kan wà tí wọ́n ń fi í ṣe, disc golf lorúkọ rẹ̀. Ó jọ gọ́ọ̀fù, àmọ́ kò sí igi tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù, kò sí bọ́ọ̀lù, kò sì sí ihò nílẹ̀. Ènìyàn á dúró sójú kan, á ju díìsì sí ọ̀nà apẹ̀rẹ̀ irin tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, tí wọ́n so ẹ̀wọ̀n rọ̀ sórí rẹ̀. Ibi tí díìsì bá balẹ̀ sí ni yóò ti tún un jù. Ẹni tó bá jù ú níye ìgbà tó kéré jù lọ kó tó wọ apẹ̀rẹ̀ ló borí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan hàn yín kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Ká ní mo gbé díìsì méjì sórí tábìlì. Èkíní ni Ultra-Star, tí àwọn tó ń ṣe eré Ultimate ń lò. Ó wúwo tó 175 gíráàmù, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 27.3 sẹ̀ǹtímítà. Èkejì ni Destroyer, díìsì gọ́ọ̀fù tí wọ́n ń jù bí wọ́n bá fẹ́ kó lọ jìnnà. Òun náà lè wúwo tó 175 gíráàmù, ṣùgbọ́n ìbú rẹ̀ kò ju 21.1 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ìwọ̀n kan náà, ike ni méjèèjì. Síbẹ̀, bí ẹ bá ju èkíní, yóò rá bàbà bí àṣá, ọmọdé lè sáré lọ gbá a mú. Bí ọ̀jáfáfá bá ju èkejì, yóò ta bí ọfà, kò sì sí ẹni tó gbọ́n tí yóò na ọwọ́ sí i.

Kí ló fa ìyàtọ̀ yẹn? Ẹ wo etí rẹ̀. Etí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín jẹ́ ìtàn àwọn ènìyàn mélòó kan tí wọ́n tún etí àwo kan ṣe fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, tí wọn kò fi ẹ́ńjìnnì sí i, tí wọn kò fi bàtírì sí i. Gbogbo ìgbà tí wọ́n sì rí nǹkan gbà nínú ọ̀rọ̀ yìí, nǹkan kan wà tí wọ́n ń pàdánù.

Abọ́ tí páì tán nínú rẹ̀

Ní 1871, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Russell Frisbie dá ilé ìyan-páì sílẹ̀ ní ìlú Bridgeport, ní ìpínlẹ̀ Connecticut lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Abọ́ páńda tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń yan páì náà. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Yale, tí kò jìnnà síbẹ̀, á jẹ páì tán, wọ́n á wá máa ju abọ́ rẹ̀ síra wọn. Kí abọ́ má bàa gbá ẹni tí kò wòye lórí, wọ́n á pariwo "Frisbie!" láti fi kìlọ̀.

Ẹ wo abọ́ páì náà dáadáa. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ lágbedeméjì, etí rẹ̀ sì yọ sókè. Bí ẹ bá dojú rẹ̀ dé kí ẹ tó jù ú, etí yẹn á wá wà nísàlẹ̀ bí òrùlé tó ní ògiri kékeré yí ká. Afẹ́fẹ́ á rí ibi dì mú. Ìyẹn ni ìpìlẹ̀ díìsì títí di òní: òrùlé lókè, etí nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n páńda máa ń tẹ̀, ó ń pariwo, etí rẹ̀ sì lè ya ènìyàn lọ́wọ́. Kò dúró déédéé nínú afẹ́fẹ́ bákan náà.

Ọkùnrin tó mọ ọkọ̀ òfuurufú í wà

Ní apá kejì Amẹ́ríkà, lọ́nà ibi tí oòrùn ń wọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Walter Frederick Morrison. Fred ni wọ́n ń pè é. Ní 1937, lọ́jọ́ ọdún Ìdúpẹ́, òun àti ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, Lucile, ń ju ìdérí agolo gúgúrú síra wọn. Ìdérí náà tẹ̀, kò lè fò mọ́. Wọ́n wá bọ́ sórí abọ́ tí wọ́n fi ń yan kéèkì. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ń jù ú létíkun ní Santa Monica, ní California, ni ẹnì kan bá ní òun yóò san sẹ́ńtì 25 fún un. Sẹ́ńtì márùn-ún péré ni wọ́n ń ta abọ́ náà lọ́jà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ti mọ ohun tó kàn. Fred àti Lucile bẹ̀rẹ̀ sí í ta abọ́ kéèkì létíkun.

Ogun Àgbáyé Kejì dé, Morrison sì di awakọ̀ òfuurufú. Ọkọ̀ ogun P-47 ló wà. Wọ́n já ọkọ̀ náà lulẹ̀, àwọn ará Jámánì sì mú un lẹ́rú ogun. Ó padà wálé pẹ̀lú ohun kan tí kò ní nígbà tó ń ta abọ́ létíkun: ó ti mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé ohun tó ní apá. Ní 1946, ó jókòó, ó ya àwòrán díìsì tí yóò jẹ́ pé fífò ni wọ́n ṣe é fún láti ìbẹ̀rẹ̀, tí kì í ṣe pé wọ́n yá a láti ilé ìdáná.

Owó wá ń kọ́? Òun àti Warren Franscioni, tí òun náà jẹ́ awakọ̀ òfuurufú nígbà ogun, ló jọ fi owó àti ọgbọ́n pọ̀. Ní 1948, wọ́n gbé díìsì oníke jáde. Ìròyìn àwọn ohun àjèjì tí àwọn ènìyàn ní àwọn rí lójú ọ̀run ní 1947 ṣì wà lẹ́nu gbogbo ayé nígbà náà, wọ́n bá sọ díìsì wọn ní Flyin-Saucer. Ọjà náà kò tà bí wọ́n ṣe rò. Àjọṣe wọn túká. Morrison dá tirẹ̀ ṣe, nígbà tó sì di 1955, ó gbé èyí tó dára jù jáde, ó pè é ní Pluto Platter.

Ohun tó wà lára Pluto Platter yìí ṣe pàtàkì. Morrison mú ìdá kan nínú mẹ́ta òde àwo náà, ó jẹ́ kó dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀gẹ̀ sísàlẹ̀ lọ sí etí. Títí di òní, wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pe gẹ̀ẹ̀rẹ̀gẹ̀ yẹn. Ìdí tó fi ṣe é ni pé afẹ́fẹ́ tó bá kọ lu ògiri tó dúró ṣánṣán máa ń tú ká. Èyí tó bá pàdé gẹ̀ẹ̀rẹ̀gẹ̀ á rọra gùn ún kọjá. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá sì rọra gba orí rẹ̀ kọjá, tó tẹ̀ sísàlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, díìsì náà á gbé ara rẹ̀ sókè bí ìyẹ́ ọkọ̀ òfuurufú.

Lọ́jọ́ kẹtàlélógún oṣù Kìíní, 1957, Morrison ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún iléeṣẹ́ Wham-O ní California. Láàárín ọdún yẹn kan náà, àwọn ọ̀gá Wham-O gbọ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lápá ìlà oòrùn ṣì ń pe irú nǹkan báyìí ní Frisbie. Wọ́n mú orúkọ náà, wọ́n yí lẹ́tà rẹ̀ padà díẹ̀, ó di Frisbee. Morrison kò fẹ́ràn orúkọ náà rárá nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ilé ìyan-páì Frisbie fúnra rẹ̀ kógbá wọlé ní 1958, ọdún kan náà tí ìjọba Amẹ́ríkà fún Morrison ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí àwòrán díìsì rẹ̀.

Orúkọ Franscioni kò sí nínú ìwé yẹn. Ó kú ní 1974. Ẹ jẹ́ ká rántí rẹ̀, torí bí ìtàn bá ti dẹ́nu ọjà, ẹni kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń gbé àwòrán rẹ̀ kọ́.

Òkòtó tó ń fò

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè, torí láìsí i, ìyókù ìtàn yìí kò ní yé wa.

Bí ẹ bá ju àwo láìyí i, yóò dojú bolẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìdí ni pé afẹ́fẹ́ kì í gbé gbogbo ara rẹ̀ sókè bákan náà. Nígbà míràn iwájú ló máa ń gbé jù, nígbà míràn ẹ̀yìn ni. Yíyí ló ń gbà á là. Àwa tí a ta òkòtó nígbà ọmọdé mọ̀ ọ́n. Òkòtó tó bá ń yí dáadáa kì í ṣubú. Bí ẹ bá fi ìka kàn án lórí, kì í wó sápá tí ẹ tì í sí. Ẹ̀gbẹ́ ló máa ń gbà lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni díìsì. Bí afẹ́fẹ́ bá ti imú rẹ̀ sókè, imú kọ́ ni yóò gbé, ẹ̀gbẹ́ ni yóò dà sí.

Ẹ fi ojú inú wo ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jù ú, tó ká ọwọ́ kọjá àyà kó tó nà án jáde. Bí ẹ bá wo díìsì rẹ̀ láti òkè, ó ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tó ń sáré gan-an, afẹ́fẹ́ lè máa gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ju iwájú lọ. Yíyí rẹ̀ á sọ ìyẹn di dídà sápá ọ̀tún. Nígbà tí eré bá ń rọlẹ̀, iwájú ni afẹ́fẹ́ á wá máa gbé jù. Díìsì á dà sápá òsì, títí á fi balẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà díìsì gọ́ọ̀fù lójú ọ̀run fi máa ń rí kọ́lọkọ̀lọ bí ejò: ọ̀tún díẹ̀, lẹ́yìn náà òsì. Ẹni tó bá fi ọwọ́ òsì jù ú lọ́nà kan náà yóò rí òdì kejì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì péré wá ni ti ẹni tó ń ṣe díìsì: báwo ni afẹ́fẹ́ ṣe ń gba etí yìí kọjá, àti ibo ni ìwúwo wà. Bí ìwúwo bá ṣe jìnnà sí àárín tó, bẹ́ẹ̀ ni yíyí rẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó. Ẹ rí i pé etí la tún bá méjèèjì.

Ed Headrick àti àwọn ìlà orí àwo

Ní 1964, Ed Headrick dé iléeṣẹ́ Wham-O. Ó wo Frisbee, ó rí i pé ó ń mì, pé kò rọrùn láti darí. Ó mú kí etí rẹ̀ nípọn sí i, ó sì fa àwọn ìlà tín-tìn-tín yí òkè àwo ká, ọ̀kan nínú ìkejì, bí ìgbà tí òkúta bọ́ sínú omi.

Ènìyàn lè rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Afẹ́fẹ́ tó bá ń yọ́ lọ lórí ohun tó ń dán gbinrin lè ṣáko kúrò lára rẹ̀ láìpẹ́, ibi tó bá sì ti ṣáko, ó máa ń fa nǹkan náà sẹ́yìn. Àwọn ìlà Headrick ń da afẹ́fẹ́ tó wà lójú àwo gan-an rú díẹ̀, ìdàrúdàpọ̀ kékeré yẹn sì ń jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ àwo pẹ́. Ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ lóṣù Kejìlá 1967. Láti ìgbà náà ni Frisbee ti kúrò ní ohun tí ọmọdé ń jù ṣáá, ó di ohun tí àgbàlagbà lè fi dá ojú ibi sí.

Àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà pàápàá rò ó wò nígbà náà bóyá àwọn lè lo ọgbọ́n Frisbee láti mú kí iná tí wọ́n ń jù sójú ọ̀run pẹ́ lókè. Wọ́n ṣe ìwádìí lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì di ohun ìjà gidi. Ti ìdárayá ló tẹ̀síwájú.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn níbi púpọ̀ ti ń fi Frisbee ṣe gọ́ọ̀fù, tí wọ́n ń fi igi, òpó iná tàbí garawa ìdàlẹ̀nù ṣe àmì. Headrick ló sọ ọ́ di eré tó ní ibùdó. Ní 1975, ó la pápá disc golf àkọ́kọ́ tó wà títí lọ ní ọgbà ìtura Oak Grove, ní La Cañada Flintridge, California. Òpó lásán ni àmì wọn níbẹ̀rẹ̀, èyí sì ń fa àríyànjiyàn: "Ó kàn án!" "Kò kàn án!" Òun àti ọmọ rẹ̀ Ken wá ronú kan apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n so ẹ̀wọ̀n rọ̀ sórí rẹ̀. Díìsì á kọ lu ẹ̀wọ̀n, á pàdánù eré, á já sínú apẹ̀rẹ̀. Àríyànjiyàn parí. Ní 1976, ó dá ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ PDGA sílẹ̀, èyí tó ń ṣòfin eré náà títí di òní.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan kù. Gọ́ọ̀fù ni wọ́n ń ṣe, Frisbee ni wọ́n sì ń jù. Frisbee dára kí ọ̀rẹ́ méjì máa jù ú síra wọn, torí etí rẹ̀ yípo bí ètè ife, ó sì nípọn lójú. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ wá láti iwájú, ó ti tán. Ó á gbé sókè, á sì padà wá bá ẹni tó jù ú.

1983: Etí di abẹ

Dave Dunipace lorúkọ ọkùnrin tó yí eré náà padà. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló dá iléeṣẹ́ Innova sílẹ̀ ní 1983. Harold Duvall wà lára wọn, ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé PDGA àkọ́kọ́ ní 1982. Díìsì tí wọ́n gbé jáde ni Eagle, ìyẹn ẹyẹ idì.

Ohun tí Dunipace ṣe kò nira láti ṣàpèjúwe. Ó mú etí tó yípo, ó gé e bìrẹ́ lókè àti nísàlẹ̀ kí ó lè ṣẹ́ ẹnu bí abẹ. Bí ẹ bá gé díìsì náà sí méjì kí ẹ wo ojú ibi tí ẹ gé, etí rẹ̀ á jọ igun mẹ́ta: ẹnu tín-ín-rín lóde, ó ń nípọn bó ṣe ń wọnú.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe, ẹ rántí ìgbà tí ẹ na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé mọ́tò tó ń sáré. Bí ẹ bá gbé àtẹ́lẹwọ́ kọ atẹ́gùn, yóò tì yín lọ́wọ́ sẹ́yìn gìrì. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, tí ìka ìlábẹ̀ kọjú síwájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kàn yín. Ọwọ́ kan náà ni. Dunipace tẹ́ ọwọ́ náà pẹrẹsẹ. Láfikún, ike tó pọ̀ nínú etí onígun mẹ́ta náà kó ìwúwo lọ sóde, yíyí rẹ̀ sì ń pẹ́. Ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1986. Lónìí, bóyá ni ẹ fi lè rí díìsì ọ̀nà jíjìn kan tí kò ní irú etí yẹn.

Kí ni wọ́n pàdánù? Ẹ rántí Ultra-Star orí tábìlì wa. Díìsì tí ẹnu rẹ̀ ṣẹ́ bí abẹ, tó le, tó sì ń sáré báyẹn, kì í ṣe ohun tí ènìyàn á máa jù sí ọmọ rẹ̀ nínú àgbàlá. Ó lè fọ́ eyín, ó lè la iwájú orí. Kò sì ní rá bàbà dúró de ẹni tó fẹ́ gbá a mú. Àtìgbà yẹn ni ohun ìṣeré etíkun àti ohun èlò gọ́ọ̀fù ti pínyà.

Nọ́ńbà mẹ́rin orí díìsì

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta díìsì gọ́ọ̀fù, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Iléeṣẹ́ Innova ló sọ ọ́ di àṣà. Ti Destroyer ni 12, 5, -1, 3. Ti Aviar, tí wọ́n ń jù bí wọ́n bá ti sún mọ́ apẹ̀rẹ̀, ni 2, 3, 0, 1.

Èkíní ni Speed, ìyẹn eré. Ó bá bí etí ṣe fẹ̀ tó rìn. Etí Aviar kò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan. Ti Destroyer lé ní méjì. Bí etí bá fẹ̀, ẹnu rẹ̀ lè tín-ín-rín sí i, díìsì á sì lè la afẹ́fẹ́ já.

Èkejì ni Glide. Èmi ń pè é ní ìrábàbà, bí àṣá ṣe ń ṣe lókè láìju apá. Díìsì tí òkè rẹ̀ wú díẹ̀ bí ẹ̀yìn ahun sábà máa ń ní i ju èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ lọ.

Ẹ̀kẹta ni Turn, ìdàsọ́tùn-ún tó máa ń wáyé nígbà tí eré ṣì pọ̀. Ẹ̀kẹrin ni Fade, ìdàsósì ìgbẹ̀yìn. Ẹ rí i pé òkòtó wa náà ni wọ́n fi nọ́ńbà kọ. Ohun tó sì ń darí méjèèjì jù lọ ni ibi tí ẹnu etí wà. Bí ẹnu bá ga, tó súnmọ́ òkè àwo, díìsì á máa wá òsì ní gbogbo ọ̀nà. Bí ẹnu bá wà nísàlẹ̀, á máa dà sọ́tùn-ún. Mílímítà mélòó kan péré ló wà láàárín méjèèjì.

Èyí ló fà á tí díìsì fi máa ń "dàgbà". Bó bá ń gbá igi mọ́ra, tó ń fò lórí òkúta, etí rẹ̀ á máa jẹ, ẹnu rẹ̀ á máa wálẹ̀. Díìsì tó ń lọ sósì nígbà tí ẹ rà á á bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́, tó bá yá, á máa dà sọ́tùn-ún. Àwọn àgbà eré náà kì í jù ú nù. Wọ́n á fi sínú àpò, wọ́n á máa lò ó fún ọ̀nà tó yẹ ẹ́. Ogbó kì í ṣe àbùkù fún un, iṣẹ́ míràn ló dé.

Ẹ má gbàgbé ohun kan ṣá: iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fún díìsì rẹ̀ ní nọ́ńbà. Méje ti ibí lè má jẹ́ méje ti ọ̀hún. Ìròyìn ò tó àfojúbà. Ẹ jù ú wò.

Ọgbà tí wọ́n fi yí i ká

Bí iléeṣẹ́ bá ń díje lórí eré, ibo ni yóò parí sí? Ẹnì kan lè ṣe àwo irin tí etí rẹ̀ mú bí àdá kó sọ pé díìsì ni. PDGA ni òfin tó dá wọn dúró, mélòó kan nínú rẹ̀ sì dùn ún gbọ́.

Ike ni díìsì gbọ́dọ̀ jẹ́. Ìbú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí 21 sẹ̀ǹtímítà. Ìwúwo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 8.3 lọ lórí sẹ̀ǹtímítà ìbú kọ̀ọ̀kan, bó sì ti wù kó fẹ̀ tó, kò gbọdọ̀ kọjá 200 gíráàmù. Etí rẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju 2.6 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ẹnu etí náà kò gbọdọ̀ mú jù: bí a bá fi òbìrípo wọ̀n ọ́n, ìdajì ìbú òbìrípo náà kò gbọdọ̀ dín sí 1.6 mílímítà. Díìsì sì gbọ́dọ̀ lè tẹ̀ bí wọ́n bá fi agbára kan pàtó tẹ̀ ẹ́, kó má bàa le bí òkúta.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò kékeré kan. Ẹ fi 8.3 sọ 21.1 di púpọ̀. Ó lé díẹ̀ ní 175. Ẹ rí i báyìí ìdí tí ọ̀pọ̀ díìsì ọ̀nà jíjìn kì í fi wúwo ju 175 gíráàmù lọ? Bí wọ́n bá fẹ́ kó wúwo sí i, àfi kí wọ́n mú un fẹ̀ sí i, bó bá sì fẹ̀, afẹ́fẹ́ á rí i dì mú. Àwọn tó ṣe òfin kò bá iléeṣẹ́ kankan jà. Wọ́n kàn so ìbú mọ́ ìwúwo, ọ̀rọ̀ náà sì dá ara rẹ̀ dúró.

Ẹni tí wọ́n ń dáàbò bò níbẹ̀ ni ẹni tí kò sí nínú eré rárá. Ọ̀pọ̀ pápá disc golf wà nínú ọgbà ìtura gbogbogbòò. Ìyá tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́, bàbá àgbà tó ń nasẹ̀, àwọn náà ló ni ọgbà. Mílímítà 1.6 yẹn, tiwọn ni.

Ta ni díìsì náà ń fò fún?

Ní oṣù Kẹta 2016, ní Primm, ní ilẹ̀ aṣálẹ̀ Nevada, David Wiggins Kékeré ju díìsì kan, atẹ́gùn líle sì gbé e dé ibi tó jẹ́ mítà 338. Ẹ to pápá bọ́ọ̀lù mẹ́ta pọ̀ níbùú-lóròó, ó kọjá wọn. Àwo ike ni o, láti ọwọ́ ènìyàn.

Ìròyìn bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sáré lọ ra díìsì tí wọ́n kọ 13 sí. Yóò jù ú, díìsì á kàn dà sósì gbì, á balẹ̀ síwájú rẹ̀. Yóò rò pé apá òun kò dára. Apá rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Etí fífẹ̀ yẹn ń fẹ́ eré púpọ̀ kó tó lè fò bí wọ́n ṣe ṣe é. Bí eré kò bá tó, ìpele ìgbẹ̀yìn, ìyẹn ìdàsósì, ni díìsì á ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni náà ìbá ju díìsì 5 tàbí 6, yóò lọ jìnnà ju ti 13 lọ, yóò sì kọ́ bí a ṣe ń jù ú. Ohun tí wọ́n fi ọgbọ́n àádọ́ta ọdún ṣe fún alágbára lè di ìdènà fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì kò ní kí ọ̀nà yá bí bàtà kò bá bá ẹsẹ̀ mu.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú ìtàn yìí nìyẹn. Frisbie kò mọ̀ pé abọ́ òun ń fò. Morrison dà etí rẹ̀ gẹ̀ẹ̀rẹ̀gẹ̀ kó lè gbé sókè. Headrick fa ìlà sí i kó lè dúró. Dunipace pọ́n ọn kó lè sáré. Olúkúlùkù wọn yanjú ẹ̀sùn àná, ó sì fi ẹ̀sùn tuntun sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Kò sí díìsì tó dára jù lọ. Èyí tó bá ọwọ́ yín àti ọ̀nà tó wà níwájú yín mu ló wà.

Kí n tó lọ, ẹ gbọ́ bí Ed Headrick ṣe parí tirẹ̀. Ó kú lóṣù Kẹjọ 2002. Ó ti sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n sun òkú òun, kí wọ́n sì po eérú rẹ̀ mọ́ ike tí wọ́n á fi ṣe díìsì. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ gba nínú àwọn díìsì náà. Ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá bí àwo kan ṣe máa pẹ́ lókè, ó wọnú àwo náà lọ.

Bí ẹ bá rí ike pẹlẹbẹ nílẹ̀ lónìí, ẹ gbé e, ẹ fi ìka tọ etí rẹ̀ yí ká, kí ẹ tó jù ú. Ẹ sọ fún wa ibi tó dà sí. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.